Ìdin ojú, ìdin ẹsẹ̀: ọjọ́ wo gan-an ni bàbá kú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dá gbé ní abà kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, egbò kan sì wà lẹ́sẹ̀ wọn tí kò jinná láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí àtọ̀gbẹ, aṣọ ni wọ́n máa ń fi dì í. Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà la bá òkú wọn nínú yàrá, ara wọn ti wú. Aládùúgbò wọn ní òun kí wọn lójú fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sidé, wọ́n sì dá òun lóhùn. Àbúrò bàbá mi ní irọ́ ni, pé pẹ̀lú irú ìdin tí òun rí, òkú náà kò lè dín ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìdin tó wà lójú àti nímú kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ, àmọ́ àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ sanra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó oríkèé òkè ìka ọmọńdinrín. A ti sin wọ́n. Ọ̀rọ̀ ti ń di ìjà nínú ẹbí, ojú apànìyàn ni àwọn kan fi ń wo aládùúgbò yìí. Ta ló ń sọ òótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn kí n tó ṣàlàyé. Ìdin tó wà lójú àti nímú bàbá bá ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín mu. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ló da ọ̀rọ̀ rú. Àbúrò bàbá yín kò parọ́, ohun tó rí ló sọ. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó ka gbogbo ìdin náà sí ọmọ ìyá kan, bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé.

Dókítà tó bá tètè dé ibi òkú, ká ní láàárín ọjọ́ kìíní, ní nǹkan mẹ́ta tó lè wò: bí ara ṣe tutù tó, bó ṣe gan tó, àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ sàn lọ dúró sí lábẹ́ awọ. Àwọn tó kọ èyí sínú ìwé, ilẹ̀ òtútù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, ara òkú máa ń lọ sílẹ̀ ní bí ìwọ̀n kan lórí òṣùwọ̀n Celsius ní wákàtí kan, ẹ sì lè fi ìyẹn ṣírò padà sẹ́yìn. Nínú yàrá onípáànù nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru yàrá fúnra rẹ̀ ti wọ 34 tàbí 35 lọ́sàn-án, níbo ni ara tó jẹ́ 37 tẹ́lẹ̀ fẹ́ tutù lọ? Gígan ní tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, á sì tú lẹ́yìn bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àtààbọ̀, ooru sì tún máa ń lé e sáré. Ní ti wíwú, ẹni tó bá ní òkú tó ti wú ti lo ọ̀sẹ̀ kan kò tíì bá òkú pàdé nínú ooru rí. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni afẹ́fẹ́ inú ìfun máa ń fẹ ikùn sókè níbi tó bá gbóná. Nígbà tí ẹ fi ṣílẹ̀kùn ní Sátidé, gbogbo ohun tí dókítà ìbá wò ti kọjá. Eṣinṣin ló kù tó lè jẹ́rìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé ara òkú fúnra rẹ̀ ló ń di ìdin. Ìgbàgbọ́ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Gbogbo ayé ló gbà á títí di ọdún 1668, nígbà tí Francesco Redi ní Ítálì kó ẹran sínú ìgò, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo àwọn kan, ó sì ṣí àwọn yòókù sílẹ̀. Èyí tí eṣinṣin lè bà lé nìkan ló yọ ìdin. Torí náà, tí ẹ bá rí ìdin lára òkú, ohun tó ń sọ fún yín ni ìgbà tí eṣinṣin kọ́kọ́ ráyè dé ibẹ̀. Ìgbà yẹn lè sún mọ́ ìgbà ikú gan-an. Ó lè jìnnà sí i. Bí ọ̀rọ̀ bàbá ṣe rí yìí, ó tiẹ̀ lè ṣáájú ikú.

Ẹ mọ eṣinṣin tí mò ń sọ. Ẹ lọ sí ìsọ̀ alápatà: yàtọ̀ sí eṣinṣin kékeré tó ń bá wa jẹun nílé, ẹ ó rí àwọn ńlá kan tó ń kùn, tí ẹ̀yìn wọn ń dán, tó ń kọ àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró bí oòrùn bá ti kàn án. Àwọn ni. Lọ́sàn-án, bí òkú bá wà ní gbangba, wọn kì í pẹ́ dé. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí díẹ̀, wọ́n ti bà lé e. Ibi tó rọ̀ tó sì tutù ni wọ́n ń wá: ìkángun ojú, ihò imú, ẹnu, ojú ọgbẹ́. Abo kan lè yé bí 200 ẹyin lẹ́ẹ̀kan, funfun, ó ṣù pọ̀ bí àgbọn tí wọ́n rin. Tí a bá rí ìdin púpọ̀ níbi tí kò yẹ kó ti ṣáájú, bí àtẹ́lẹwọ́, a ó béèrè bóyá ọ̀bẹ ti kọjá níbẹ̀, torí ẹni tí wọ́n ń gún máa ń fi ọwọ́ gbà á.

Nínú ooru wa, ẹyin yẹn kì í gbé ọjọ́ kan kó tó pa. Ìdin á jẹ, á bọ́ awọ, á tún jẹ, á bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí a ṣe ń mọ èyí tó ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mélòó kò ṣòro: a ó yí ìdí rẹ̀ sókè lábẹ́ maikirosíkópù. Àmì pupa rúsúrúsú méjì wà níbẹ̀ tó fi ń mí, bí ojú méjì tó ń wo èèyàn. Bí ihò tóóró méjì bá wà nínú àmì kọ̀ọ̀kan, ó ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ó ti bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní bọ́ òmíràn mọ́. Jíjẹ ló kù, títí á fi sanra. Ẹ ó rí oúnjẹ dúdú nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn awọ, bí ìgbà tí èèyàn gbé ọbẹ̀ sínú ọ̀rá. Ìgbà tó bá yó tán, dúdú yẹn á pòórá, ìdin á funfun bí wàrà, á fi òkú sílẹ̀, á wá abẹ́ ẹní tàbí ibi ògiri ti pàdé ilẹ̀. Níbẹ̀ ni awọ rẹ̀ á ti le, á pọ́n bí èso ọ̀pẹ tó ti gbẹ, eṣinṣin á sì máa dá inú èèpo náà kọ́ ara rẹ̀. Láti ẹyin dé eṣinṣin, irú tiwa máa ń lò bí ọjọ́ 9 sí 12 nígbà ooru. Ní ìlú òtútù, àwọn ìbátan wọn lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ooru ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá. Ẹ̀jẹ̀ ìdin kò ní ooru tirẹ̀. Ohun tí àyíká bá fún un ló fi ń dàgbà. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Ká ní irú eṣinṣin kan kì í dàgbà rárá tí ooru bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 10. Bí ìpíndọ́gba ooru yàrá, tọ̀sán tòru, bá jẹ́ 30, a ó yọ 10, ó ku 20. Wákàtí kọ̀ọ̀kan bu 20 fún ìdin nìyẹn. Ká tún ní a ti tọ́ irú eṣinṣin yìí dàgbà, a sì rí i pé ó ń gbà tó 900 láti ìgbà tí wọ́n yé e títí yóò fi bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá fi 20 pín 900, wákàtí 45 ni. Ẹ wá gbé òkú kan náà sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti sọ di 20. Wákàtí kọ̀ọ̀kan kò mú ju 10 wá mọ́, ìdin á lo wákàtí 90. Gígùn kan náà lẹ ó bá a. Nínú yàrá kan kò tíì pé ọjọ́ méjì, nínú èkejì ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́rin. Mo mú 10 àti 900 kí ìṣirò lè rọrùn ni o. Irú eṣinṣin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń tọ́ díẹ̀ nínú ìdin náà lórí ẹ̀dọ̀ màlúù títí wọ́n á fi di eṣinṣin, ká lè mọ irú èyí tí wọ́n jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ti bàbá sí i. Ká ní Wẹ́sidé ni wọ́n kú, lẹ́yìn ìkíni ìrọ̀lẹ́ yẹn, lóru. Eṣinṣin wọ̀nyí kì í sábà yé ẹyin nínú òkùnkùn. Fèrèsé ṣí, àbí? Ojú fèrèsé ni aládùúgbò ti kí wọn. Torí náà, bí ilẹ̀ ọjọ́bọ̀ ti ń mọ́, ká ní aago méje, eṣinṣin wọlé. Láti ìgbà yẹn sí aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé jẹ́ wákàtí 49. Fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀: 980. Ìdin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ kejì ni, tí kò tíì sanra, bí ẹyọ ìrẹsì. Ohun tí ẹ sọ pé ẹ rí lójú àti nímú nìyẹn.

Ẹ wá gbé ọ̀sẹ̀ kan tí àbúrò bàbá yín dá lórí òṣùwọ̀n kan náà. Bí eṣinṣin bá ti ń bà lé òkú láti Sátidé tó kọjá, ojú àti imú ni ìdin ìbá ti jẹ ṣáájú, ojú náà kò ní ṣeé wò mọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ yó ìbá ti máa rìn káàkiri ilẹ̀ yàrá, ẹ ó sì bá èèpo pupa lábẹ́ ẹní. Kò sí ìkankan nínú èyí nínú ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́.

Ó wá ku ẹsẹ̀.

Ìdin tó gùn tó yẹn, tó sì sanra, ti lo tó ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀ sí mẹ́rin kó tó dà bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á padà láti Sátidé, ẹ ó bá ara yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí òru rẹ̀. Bí aládùúgbò bá sì sọ òótọ́, bàbá wà láàyè lọ́jọ́ náà. Méjèèjì lè jóòótọ́ papọ̀. Eṣinṣin kò mọ̀ bóyá èèyàn kú tàbí ó wà. Òórùn ẹran tó ń kẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Egbò àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́, tí aṣọ ìdì rẹ̀ ti rin, ń pè é bí òkú ṣe ń pè é. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ sì máa ń kú tipiri, ẹni náà lè má mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń rìn níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Mark Benecke, onímọ̀ kòkòrò kan ní Jámánì, kọ̀wé lórí irú èyí ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Òkú ìyá àgbà kan wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá dì lẹ́sẹ̀. Ìdin wà nínú ẹsẹ̀ yẹn. Ojú, imú àti ẹnu mọ́ tónítóní. Bí wọ́n bá ti fi ìdin yẹn ka ọjọ́ ikú, wọn ìbá ti ṣì í. Ohun tó ń sọ ni pé ìyá náà ti wà láàyè pẹ̀lú ìdin lẹ́sẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tú u wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe láti fi bú ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ẹ̀yin ni ẹ bi mí léèrè, èmi náà ò lè fi ibi tó dùn nìkan sọ fún yín. Kí ẹ má sì rò pé ìdin yẹn ló pa bàbá. Ẹran tó ti kú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ nínú egbò. Àwọn dókítà kan tiẹ̀ ń fi irú kan tí wọ́n sìn ní mímọ́ nu egbò, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ní ọdún 2004. Ohun tó ṣeé ṣe kó pa wọ́n ni àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ tàbí majele egbò tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà ni ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe oníkòkòrò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó lè ba ìṣirò mi jẹ́ pẹ̀lú. Irú eṣinṣin kan wà, ó tóbi, ó ní ilà dúdú mẹ́ta lẹ́yìn. Òun kì í yé ẹyin, ààyè ìdin ló ń bí sílẹ̀. Ìdin tirẹ̀ tóbi ju ti yòókù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti fi gbogbo wákàtí pípa ẹyin ṣáájú wọn. Bó bá jẹ́ òun ló wà lẹ́sẹ̀, ọjọ́bọ̀ lè tó o. Ìdin púpọ̀ tó kóra jọ síbì kan tún máa ń mú ibẹ̀ gbóná, ó lè fi ìwọ̀n 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ooru yàrá, ìyẹn á sì jẹ́ kí wọ́n yára dàgbà. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, tanpẹ́pẹ́ àti ìjàlọ lè máa kó ẹyin lọ bí eṣinṣin ti ń yé e, òkú ọjọ́ mẹ́rin á wá dà bí ti ọjọ́ méjì. Bí ẹnì kan bá ti fín ọ̀tapíápíá sínú yàrá, tàbí tó jẹ́ òun gan-an ni olóògbé mu, eṣinṣin lè pẹ́ kó tó bà, ìdin á sì kú dànù. Ẹ bi ara yín bóyá wọ́n fín nǹkan sí yàrá yẹn lọ́sẹ̀ náà.

Nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí, onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sọ pé ọjọ́ báyìí ni lágbájá kú. Ó ń sọ pé kò lè dín ní ọjọ́ báyìí tí eṣinṣin ti débẹ̀. Ní ọdún 1935, wọ́n rí àjákù òkú obìnrin méjì nínú kòtò omi kan lẹ́bàá Moffat ní Scotland ní ọjọ́ 29 oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Dókítà Alexander Mearns ní Glasgow yẹ ìdin tó wà lára wọn wò, ó ní ọjọ́ 12 sí 14. Ìyàwó dókítà Buck Ruxton ti Lancaster àti ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn òkú náà. Alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù yẹn ni wọ́n ti rí ìyàwó náà kẹ́yìn. Ọjọ́ 15 nìyẹn. Ìdin kò sọ iye tó pọ̀ ju òótọ́ lọ, ọjọ́ kan péré ló sì fi dín. Wọ́n dá Ruxton lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sì so ó kọ́ ní 1936.

Àìsí ìdin náà máa ń jẹ́rìí. Ní Las Vegas, nínú oṣù Agẹmọ ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan lálẹ́ lẹ́bàá àpótí ìdọ̀tí, ọgbẹ́ kún ara rẹ̀. Wọ́n mú ọmọbìnrin ọdún 18 kan, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Ọmọbìnrin yìí ń sọ pé ìlú mìíràn tó jìnnà ni òun wà lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kòkòrò wo fọ́tò òkú náà: kò sí ẹyin eṣinṣin kan ṣoṣo lára rẹ̀. Nínú ooru Las Vegas, kí òkú ẹlẹ́jẹ̀ wà níta ní ọ̀sán kí eṣinṣin má sì yé sí i? Kò ṣeé ṣe. Ìgbà tí oòrùn ti wọ̀ ni ọkùnrin náà kú, nígbà yẹn sì ni ẹlẹ́rìí pọ̀ tó mọ ibi tí ọmọbìnrin náà wà. Ọdún 2017 ni adájọ́ fagi lé ìdájọ́ yẹn. Tí mo bá ń rántí ọ̀rọ̀ yìí, inú mi kì í dùn: fọ́tò ọ̀hún ti wà nínú fáìlì láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ lè máa rò ó pé òkú tó ti pẹ́ ńkọ́, tí ìdin ti lọ, tó ku egungun àti awọ gbígbẹ. Kòkòrò ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ mú ẹja gbígbẹ tó ti pẹ́ nínú agbọ̀n, ẹ gbọ̀n ọ́n: kòkòrò dúdú tó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun, àti ọmọ rẹ̀ onírun, ìdílé rẹ̀ náà ló ń wá jẹ awọ òkú. Òmíràn kékeré wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aró, ẹlẹ́sẹ̀ pupa, òun náà ń gbé nínú ẹja. Oṣù ni a fi ń ka tiwọn, kì í ṣe ọjọ́, ìṣirò náà kò sì ṣe pàtó tó ti ìdin.

Kí ni ẹ wá lè ṣe báyìí tí bàbá ti wọlẹ̀? Mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ hú òkú. Bí wọ́n bá ti gún un lábẹ́rẹ́ ní mọ́ṣúárì, oògùn yẹn ti pa ohun tí a fẹ́ wò. Yàrá ni kí ẹ padà sí. Bí wọn kò bá tíì gbá a, ẹ gbé ẹní àti àpótí kúrò, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ògiri. Ẹ fi owó ẹyọ tàbí rúlà sí ẹ̀gbẹ́ èèpo tí ẹ bá rí, ẹ yà á, ẹ kó o sínú ike, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ ra òṣùwọ̀n ooru kan, ẹ gbé e kọ́ sínú yàrá náà fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí n lè fi ooru yàrá gidi rọ́pò 30 tí mo fọwọ́ ara mi mú. (Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ níbikíbi, kí ẹnikẹ́ni má da ààyè ìdin sínú ọtí. Á sún kì, á dúdú, gígùn rẹ̀ á di irọ́. Omi gbígbóná ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà lé díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n tó kó o sínú ọtí, kí wọ́n sì fi díẹ̀ sílẹ̀ láàyè.)

Ẹlòmíràn á ti fi fóònù ya fọ́tò láàárọ̀ Sátidé yẹn, ayé òde òní nìyí. Ẹ wá ẹni náà. Kí ó má fi WhatsApp ránṣẹ́ bí fọ́tò, torí á fún un pọ̀, ojú rẹ̀ á ṣú. Fáìlì gan-an ni kó fi ránṣẹ́, kí aago tó wà nínú rẹ̀ má bàa sọnù. Ohun tí mo fẹ́ rí jù ni ẹsẹ̀ bàbá kí wọ́n tó tú aṣọ ìdì rẹ̀. Bí aṣọ náà bá ṣì so dáadáa, tí ìdin ńlá wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn kéékèèké sì wà lójú nìkan, á jẹ́ pé aládùúgbò yín kí èèyàn alààyè ní Wẹ́sidé.